Ìgbà Tí Ewé Gbẹ Mọ́ Igi Àdùkẹ́ Lórí

Màámi mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú àmójútó, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Láti Houston níbí ni mo ti kúnlẹ̀ kí ẹ̀yin àti Bàámi. Fúnmi àbúrò mi, mo kí ọ. Ṣé ò ń jẹ́ kí Màámi sinmi? Ìta gbangba ni mo kọ lẹ́tà yìí sí, kí gbogbo ẹni tí ẹ ti sọ fún ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ládùúgbò pé igi ọmọ-ọmọ yín ti kú lè rí i kà. Màámi, igi Àdùkẹ́ kò kú!

Ẹ ó rántí pé nígbà tí ẹ wá bá mi wẹ ọmọ, tí ìwọ́ Àdùkẹ́ já, ẹ̀yin fúnra yín lẹ bò ó mọ́ ìdí igi kékeré tó wà lẹ́yìnkùlé wa ní Mission Bend. Ẹ ní ó yẹ kí ọmọ ní ibi tí yóò máa tọ́ka sí pé, ìwọ́ mi nìyí. Káyọ̀dé ọkọ mi ló ra igi náà ní ẹ̀dínwó. Ẹ kúkú mọ̀ ọ́n, ohun tí owó rẹ̀ bá ti wálẹ̀ ló máa ń wù ú. Orúkọ igi ti já kúrò lára rẹ̀, a ò sì mọ irú èyí tó jẹ́. Ẹ̀yin lẹ ń bomi rin ín láràárọ̀ títí ẹ fi padà sílé.

Nígbà tí ẹ lọ, ilé dá. Bí mo bá ti ọsibítù dé, tí mo bọ́ aṣọ nọ́ọ̀sì, mo ṣì máa ń fetí sílẹ̀ fún orin yín ní kíṣíìnì. Òtútù wá dé. Ewé àwọn igi yòókù já bọ́ pátá, ti tiwa nìkan ló gbẹ mọ́ ọn lórí, tó rí bí ewé tábà. Àsìkò yẹn gan-an lẹ ní kí n fi igi náà hàn yín lórí fóònù.

Ọmọ olóko kòkó ni yín. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé igi tó wọ́wé ń sinmi ni, èyí tí ewé gbẹ mọ́ lórí ló ti kú. Bí ẹ ṣe rí i, ẹ gbé fóònù fún Bàámi. Fúnmi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ẹ ń gbààwẹ̀ nítorí Àdùkẹ́. Àyà èmi náà já. Ọmọ wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ojú fèrèsé ni mo kọ́kọ́ sá lọ, kí n wo igi! Káyọ̀dé ní òun á hú u, òun á fi òmíì rọ́pò rẹ̀. Mo bi í pé ìwọ́ ọmọ ńkọ́, ṣé a ó fi òmíì rọ́pò ìyẹn náà? Ó rọra dá ṣọ́bìrì padà.

Ní Sátidé kan, mo rántí bí ẹ ṣe máa ń fi èékánná họ èèpo kòkó wò. Mo họ ìtí igi náà díẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀! Mo kígbe débi pé ajá àdúgbò ń gbó mi. Mo já ewé gbígbẹ kan, ó di ọ̀dọ̀ Misis Carol, ìyá àgbà òyìnbó tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa. Ó fọwọ́ pa etí ewé tó ní eyín wẹ́wẹ́ bíi ti ayùn, ó wá wo ìtí aláwọ̀ eérú tó ń dán, ó ní igi ilẹ̀ wọn kan tí wọ́n ń pè ní hornbeam ni. Ó mú mi lọ wo èyí tó ti dàgbà ní páàkì, tí iṣan yọ lára ìtí rẹ̀ bí apá ẹni tó ń roko. Ó ní bí irú igi yìí bá ṣì kéré, kì í sábà jọ̀wọ́ ewé àtijọ́ títí tuntun yóò fi tì í dànù. Bí a ṣe ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíì ni. Màámi, kì í ṣe pé ẹ ò mọ igi o, igi ibí ni kò mọ̀ yín.

Ooru ti padà báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ewé tuntun yọ, àwọn gbígbẹ sì ń bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbé Àdùkẹ́ síbẹ̀ kí n ya fọ́tò fún yín. Ó rá lọ bá igi náà, ó fọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó dìde dúró. Omijé ò jẹ́ kí n rí fóònù tẹ̀. Kí n tó nu ojú, ó ti jọ̀wọ́ igi, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì, ó ń rìn bọ̀ wá bá mi.

Ẹ ṣínu, Màámi. Ẹ jẹun.

Ẹ ó jẹ èrè ọmọ pẹ́, ẹ ó sì tún fẹsẹ̀ ara yín wá jókòó lábẹ́ òjìji igi yìí. Káyọ̀dé dọ̀bálẹ̀, Misis Carol kí yín. Ẹ bá wa kí tẹbítọ̀rẹ́, pàápàá àwọn tó bá yín gbààwẹ̀.

Èmi ni, ọmọ yín,
Títílayọ̀