Àtàǹpàkò Méjìlá

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Ìpàdé lórí òfin tuntun nípa igbó abúlé parí. Ọkùnrin mọ́kànlélógójì nínú gbọ̀ngàn. Obìnrin kan ṣoṣo, èmi akọ̀wé ọ́fíìsì igbó. Àwọn obìnrin abúlé wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń se ìrẹsì fún àlejò. Ìyá Kékeré wà níbẹ̀ — àbúrò màmá mi, òun ló tọ́ mi dàgbà. Ó ní òun ní ọ̀rọ̀ láti sọ, ṣé wọ́n máa pe àwọn? Mo ní kí wọ́n ní sùúrù. A ò pè wọ́n.

Kí a tó tú ká, Eruku (orúkọ tí mo fún ọ̀gá mi, nítorí eruku orí fáìlì rẹ̀) yọ fọ́ọ̀mù kan: obìnrin mélòó ló wá, kí ni wọ́n sọ? Láìsí i, òfin náà ò ní kọjá lókè. Ó ní ṣebí wọ́n wà lẹ́yìnkùlé.

Mo lọ. Mo ní a fẹ́ mọ iye abọ́ oúnjẹ. Àwọn méjèèjìlá tẹ̀ka sórí fọ́ọ̀mù náà. Ìyá Kékeré nu ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, kó má baà ba ìwé mi jẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Àyè ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ṣì ṣófo. Eruku ní obìnrin lèmi náà, kí n kọ ọ́. Mo kọ ọ́: wọ́n fara mọ́ ọn tayọ̀tayọ̀ pé kí a ti igbó pa fún ọdún márùn-ún.

Tayọ̀tayọ̀! Eruku gan-an ò béèrè ìyẹn.

Ọjọ́bọ̀, 6

A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Èmi fá a, mo tún fi òróró pa á.

Ọjọ́ Ẹtì, 21

Lẹ́tà ìyìn dé láti òkè. Wọ́n ní kò sí ọ́fíìsì tó gbọ́ ohùn obìnrin tó wa. Eruku pín bisikíìtì. Mo jẹ méjì. Ojú tì mí, síbẹ̀ mo jẹ ẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Oṣù Kẹrin

Wọ́n ti igbó pa lónìí.

Ọjọ́ Ẹtì, 11

Wọ́n mú Ìyá Kékeré nínú igbó, pẹ̀lú ẹrù ewé tó ń já tà. Ó bi ẹ̀ṣọ́ léèrè ta ló fọwọ́ sí irú òfin yìí. Wọ́n fi ìka tí òun fúnra rẹ̀ tẹ̀ sórí ìwé hàn án. Wọ́n gba ewé, wọ́n gba àdá, wọ́n ní kó máa lọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12

Mo lọ kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ohun tó fẹ́ sọ lọ́jọ́ náà fún mi: lọ́dọọdún, àwọn obìnrin ló ń ro etí igbó yí ká kí iná ẹ̀ẹ̀rùn má baà wọlé. Tí wọ́n bá lé àwọn jáde, ta ni yóò máa ro ó? Mi ò mọ̀ rárá. Obìnrin lèmi náà, mi ò mọ̀.

Ó ní kí n ka ohun tí òun sọ nínú ìwé. Mo kà á dé tayọ̀tayọ̀.

"Mo mà sọ̀rọ̀ dáadáa. Ta ló kọ́ mi?"

Ewé igbó yẹn ló tà tó fi rán mi nílé-ìwé. Ó dìde, ó bu oúnjẹ, ó gbé e síwájú mi.

"Abọ́ kan rèé," ó ní. "Ṣé kí n tẹ̀ka?"