Ẹja Àkọ́mú Jọmílójú

Etí Ọ̀sà, Bàrígà,
Èkó.
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án, 2024.

Adéjìmí, àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí Níní ìyàwó wa, mo sì kí Jọmílójú ọmọ wa. Mo lérò pé ara yín le, àti pé òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò tí ì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ yín lẹ́nu. Àwa náà wà, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Orúnkún Bàbá ṣì máa ń dùn wọ́n tí òjò bá ti ṣú, ṣùgbọ́n wọ́n ń jẹun, wọ́n sì ń rìn. Mo ti kí ọ tán báyìí. Inú ń bí mi sí ọ.

Lẹ́tà ni mo kọ, n kò pè ọ́, nítorí tí mo bá pè ọ́, wàá ní "Àǹtí Sabina, ẹ rọra," wàá rẹ́rìn-ín, nẹ́tíwọọ̀kì á sì dédé bàjẹ́. Lẹ́tà kò ní nẹ́tíwọọ̀kì. Ayọ̀kúnnúmi, ọmọ ìjọ wa tó ń padà sí ọ̀dọ̀ yín lọ́jọ́ Sátidé, ló máa fi lé ọ lọ́wọ́. Mo ti sọ fún un pé kó dúró tì ọ́ títí wàá fi kà á tán.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ flàì yìí. Láti bí ọdún mẹ́ta, ìgbàkígbà tí Bàbá bá pè ọ́ ní Sátidé, ohun tí o máa ń sọ ni pé, "Bàbá, mo wà níbi flàì." Bàbá kò bi ọ́ léèrè kankan. Wọ́n gbà pé bàálù ni. Wọ́n sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ àwọn ń wa bàálù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn àgbà ìjọ sì ń gbàdúrà pé o kò ní já lulẹ̀. Ìgbà tí ẹ wálé lẹ́ẹ̀kan yìí, tí o yọ ọ̀pá gígùn kan nínú báàgì, pẹ̀lú páálí kékeré tí kòkòrò tí o fi ìyẹ́ adìyẹ àti òwú so kún inú rẹ̀, ni a tó wá mọ̀ pé àwọn kòkòrò yẹn ni ẹ ń pè ní flàì, pé ẹja lò ń fi wọ́n tàn. Ẹja kan tí ẹ ń pè ní kápù, tó ń gbé inú adágún, tí o sì máa ń dá padà sínú omi lẹ́yìn tí o bá ti mú un. Ìwọ ọmọ Ìlàjẹ, tí bàbá rẹ fi owó ẹja rán lọ sí iléèwé! Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Mo rò pé eré lásán ni.

N kò mọ̀ pé ìyàwó rẹ kò bá wa rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kẹta tí ẹ dé ni Níní wá jókòó tì mí nídìí ààrò tí mo ti ń yan ẹja, tó sọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí. Ó ní gbogbo Sátidé lò ń jáde nílé. Tí o bá sì wà nílé, ìdí òwú àti ìyẹ́ adìyẹ ni o máa ń wà, wọ́n á máa bá ọ sọ̀rọ̀, wàá máa ní "hẹn, hẹn," o kò sì ní gbọ́ nǹkan kan. Ó ní Jọmílójú kò fẹ́ràn ẹja rárá, òórùn rẹ̀ ń rí i lára. Ìdí tó fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ju ìwọ̀ ni pé ó ti rí i pé ibẹ̀ nìkan ni òun ti lè rí bàbá òun. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló ń ronú bẹ́ẹ̀, Adéjìmí. Mo bẹ Níní pé kó ní sùúrù, pé níwọ̀n ìgbà tí ẹ ti wálé, wàá ráyè fún wọn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ lò. Ọjọ́ mọ́kànlá nínú rẹ̀ lo fi wà lórí ọ̀sà nínú ọkọ̀ Ràmọ́nù apẹja, mo kà á. Lọ́jọ́ tó yẹ kí o mú ìyàwó rẹ lọ kí àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Fọlá Àgòrò, tí wọ́n ti se oúnjẹ dè yín, èmi ni mo tẹ̀lé e lọ. Wọ́n bi mí léèrè ọkọ. Mo ní ara rẹ ò yá, o ń sinmi. Mo ti tọrọ àforíjì irọ́ yẹn lọ́wọ́ Ọlọ́run, ìwọ náà lọ tọrọ tìrẹ.

Gbogbo ìyẹn, mo lè gbé e mì. Ti ẹja Jọmílójú ni n kò lè gbé mì.

O mọ àṣà ilé wa. Ẹja àkọ́mú, èyí tí ọmọ bá kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú láyé, kì í wọ inú ọbẹ̀ gbogbo ilé. Ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa ń sè é. Àgbà ilé á jẹ orí, ọmọ á jẹ ìrù, nínú abọ́ kan náà, ẹlòmíràn kò ní tọ́ ọ wò. Àgbà á wá pe orúkọ ọmọ náà sókè pé ó ti di ara ilé. Bí wọ́n ṣe ṣe é fún Bàbá nìyẹn, bí Bàbá ṣe ṣe é fún ìwọ náà nìyẹn, tòun ti pé epìyà tìrẹ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ọkùnrin nìkan ni wọ́n ń ṣe é fún. Nígbà tí mo gbọ́ pé Jọmílójú fẹ́ bá ọ lọ sórí omi, mo kúnlẹ̀ níwájú Bàbá pé kí wọ́n ṣe é fún un. Wọ́n kọ̀. Mo tún kúnlẹ̀ lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kí n má yọ àwọn lẹ́nu. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n ní, "Ó dáa, kó mú un wá." Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin ló yí ọkàn padà nítorí ọmọ rẹ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo wá bá ọ nínú yàrá. Mo ní, "Jìmí, ẹja tí Jọmi bá mú lọ́la, Bàbá fẹ́ jẹ ẹ́. Àkọ́mú rẹ̀ ni. Ẹ gbé e wálé o." O ń so òwú mọ́ kòkòrò kan lọ́wọ́. O ní, "Hẹn, hẹn." Èmi òmùgọ̀, mo gbà pé o gbọ́.

Ní ọjọ́ kejì, Bàbá ní kí n má lọ ata tí a máa fi se ẹja náà, pé àwọn fúnra wọn ni àwọn á lọ̀ ọ́. Wọ́n kúnlẹ̀ ti ọlọ pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn wọ́n, wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná. Wọ́n wọ ẹ̀wù funfun tí wọ́n fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé, wọ́n gbé abọ́ ata náà sórí itan, wọ́n sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó ń kọjá pé ọmọ-ọmọ àwọn ń bọ̀ láti orí omi. Ní ọ̀sán, ẹ dé. Jọmílójú ló sáré ṣíwájú, ó ń pariwo, "Bàbá Àgbà, mo mú ọ̀kan! Ó tóbi!" Inú mi dùn débi pé mo ju abẹ̀bẹ̀ ọwọ́ mi nù. Bàbá gbé abọ́ dìde. Wọ́n ní, "Níbo ló wà?" Ọmọ náà ní, "A fẹnu kò ó lẹ́nu, a sì jẹ́ kó máa lọ."

O yọ fóònù. "Bàbá, ẹ wo fọ́tò rẹ̀. Ọ̀bọ̀kún ńlá ni." Bàbá wo fóònù náà pẹ́, wọ́n sì wo ojú rẹ. Wọ́n ní, "Ṣé fọ́tò ni kí n jẹ?" O rẹ́rìn-ín! Adéjìmí, o rẹ́rìn-ín! O ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Lọ́dọ̀ wa, a kì í pa á, eré ìdárayá ni." Lọ́dọ̀ wa! Níbo ni ọ̀dọ̀ yín? Ta ni ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ́ "wa"? Ẹnu ọ̀nà ilé tí wọ́n ti pe orúkọ rẹ sókè lórí epìyà kan lo dúró sí, tí o ń sọ fún bàbá rẹ pé ọ̀dọ̀ rẹ wà níbòmíràn. Bàbá gbọ́ ọ dáadáa. Wọ́n da ata náà sílẹ̀, wọ́n wọlé.

Jọmílójú wo ata nílẹ̀, ó wo ojú mi. Ó mọ̀ pé òun ti ṣe nǹkan, kò sì mọ ohun tó jẹ́. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti sunkún títí, tó ń béèrè bóyá Bàbá Àgbà kò fẹ́ràn òun. Ìwọ ńkọ́? O lọ fọ ọ̀pá rẹ. Lọ́jọ́ tí ẹ ń lọ, Bàbá kò jáde wá sìn yín, o sì sọ fún mi ní pápákọ̀ òfurufú pé ọjọ́ ogbó ló ń dà wọ́n láàmú.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dà wọ́n láàmú fún ọ. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, àràárọ̀ ni Bàbá ń lọ sí etí omi níbi tí àwọn ọkọ̀ ti ń já ẹja. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n á máa la ẹnu àwọn ọ̀bọ̀kún inú bésìn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn obìnrin ẹlẹ́ja kọ́kọ́ rò pé wọ́n fẹ́ rà ni. Lẹ́yìn náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi Bàbá ṣe yẹ̀yẹ́. Ràmọ́nù ló wá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Àǹtí, ẹ wá mú Bàbá o. Wọ́n ní àwọn ń wá ẹja tí ìwọ̀ ti ya lẹ́nu, pé ti ọmọ àwọn ni." Ẹja tó ti bá omi lọ láti ọjọ́ yìí, nínú ọ̀sà tó gùn dé Ẹ̀pẹ́, bàbá rẹ ń wá a nínú bésìn. Mo ń sunkún lójú ọ̀nà bí mo ṣe ń mú wọn bọ̀ wálé, mo sì ń bú ọ.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ara mi ò gbà á mọ́. Mo ra ọ̀bọ̀kún ńlá kan, mo fi abẹ́rẹ́ dá ẹnu rẹ̀ lu, mo gbé e fún Bàbá. Mo ní, "Bàbá, Ràmọ́nù ti rí i." Wọ́n gbé e lọ síbi ìmọ́lẹ̀, wọ́n fi ìka tọ́ ihò náà wò. Wọ́n ní, "Sabina, abẹ́rẹ́ ló ṣe èyí." Ojú tì mí, mo kúnlẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ọ̀bọ̀kún ni ìwọ náà mú lọ́jọ́ yẹn."

O kò mọ̀ ọ́n, wọn kò tí ì bí ọ. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí mo fi ìwọ̀ mú ẹja kan lẹ́yìn ilé wa létí òkun lọ́hùn-ún. Mo gbé e sáré tọ Bàbá lọ. Wọ́n ní obìnrin kì í ní àkọ́mú, ìyá wa sì jù ú sínú ọbẹ̀ pọ̀ mọ́ àwọn yòókù. Mo jẹ nínú ọbẹ̀ náà, n kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ó di ọdún mẹ́rìnlélógójì, mo rò pé èmi nìkan ló rántí. Bàbá ní kí n gbé ìkòkò kaná. Wọ́n jẹ orí, wọ́n na ìrù sí mi. Wọ́n pe orúkọ mi sókè débi pé àwọn ará ilé jáde wá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Èmi ti gba tèmi, ṣùgbọ́n inú mi kò rọ̀. Ó tiẹ̀ tún le sí i ni, nítorí mo ti wá mọ bó ṣe ń rí lẹ́nu, mo sì mọ ohun tí o gbà lọ́wọ́ ọmọ rẹ tí o ń fi ṣẹ̀rín. Bàbá kò lọ sí etí omi mọ́. Wọ́n ní kí n kọ̀wé sí ọ pé kí o mú Jọmílójú wá ní Kérésìmesì. Èmi ló ń fi èyí kún un: gbé ọ̀pá rẹ dání tí o bá fẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ yẹn bá mú, ilé ló ń bọ̀. Kí ọjọ́ náà tó pé, ya Sátidé díẹ̀ sọ́tọ̀ fún un tí kò ní sí ẹja nínú rẹ̀. Bá a jókòó, kó sọ̀rọ̀, kí o gbọ́.

Kí Ọlọ́run pa yín mọ́ nílé àti lẹ́nu iṣẹ́. Kó má jẹ́ kí a fi àìrí Bàbá ṣe àbámọ̀. Kó fún Níní ní sùúrù díẹ̀ sí i, kó sì fún ìwọ ní etí.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí inú ń bí, tó sì fẹ́ràn rẹ,
Sabina.

Àfikún: Níní sọ fún mi lánàá pé Jọmílójú ṣì ń rò pé Bàbá kò fẹ́ràn òun. Gbé fóònù rẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí o jókòó tì í, kí o sọ ohun tí Bàbá rán mi sí i fún un, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Tí o bá ti gbàgbé bí a ṣe ń sọ irú rẹ̀ lédè wa, kà á níbí: "Jọmi, ebi ẹja rẹ ń pa mí."