Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn ní Santasi

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn,

Mo kí yín, mo sì ń bẹ Ọlọ́run kó fi Àlìjánnà onídẹ̀ra kẹ́ yín. Mo ti fi iṣẹ́ piọ-wọ́tà, omi inú ọ̀rá, tí ẹ bá mi wá ní Santasi sílẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn ará àdúgbò wa lè wá ọ̀nà gbé òfófó dé ọ̀dọ̀ yín níbẹ̀ pàápàá, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́: lọ́jọ́ tí mo ń lọ, mo fẹjọ́ Bọ̀ọ̀dá Mùfú, alábòójútó wa, sun máníjà. Mi ò kábàámọ̀.

Láti ọjọ́ náà, Màámi ò bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́. Mo kí wọn láàárọ̀, wọ́n á kàn dáhùn ní “hùn-ún.” Ìyàwó Bọ̀ọ̀dá Mùfú, tó jẹ́ pé ògiri kan ló là wá láàrin, ti tú okùn tí a jọ ń sá aṣọ sí. Àwọn àgbà Ìlọrin tó ń jókòó síwájú mọ́ṣáláṣí ń wò mí bí ẹni tó ta ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́jà Kejetia. Ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Bọ̀ọ̀dá Mùfú ló gbà mí síṣẹ́, ọmọ Alfa ọ̀rẹ́ yín ni, àwa Yorùbá ò sì pọ̀ níbí. Ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ.

Mo mọ ohun tí ẹ̀yin náà ìbá sọ. Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń gbálẹ̀ nígbàkúùgbà tí a bá ń kó kúrò nílé onílé? Ẹrù á ti wà nínú mọ́tò, awakọ̀ á máa tẹ fèrè, ẹ̀yin á ṣì wà lórí ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀ kúkúrú yẹn, tí ẹ ń gbá gbogbo igun. Ẹ ó wá fi ọwọ́ méjèèjì fún onílé ní kọ́kọ́rọ́, ẹ ó dúpẹ́, kódà lọ́wọ́ onílé wa ní Asafo, tí òjò máa ń bá wa sùn nínú ilé rẹ̀. Ẹ ò sọ ọ̀rọ̀ òjò náà fún un títí a fi lọ. Ọ̀dọ̀ bàbá yín lẹ ti kọ́ ọ. Nígbà tí ìjọba ní kí àwọn àlejò kúrò ní Ghana, wọ́n gbá ìsọ̀ wọn mọ́, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ fún ará Asante tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n sì lọ láìwí nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n padà dé, ọkùnrin náà yọ kọ́kọ́rọ́ fún wọn. Ìtàn yìí lẹ fi tọ́ wa.

Mo fẹ́ràn ìtàn náà, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ti ilẹ̀kùn tèmi.

Iyàrá tí a ti ń di omi sínú ọ̀rá ní ilẹ̀kùn méjì. Ti iwájú gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ kọjá, ti ẹ̀yìn sì já sí àgbàlá. Nítorí pé àwọn kan nínú wa máa ń yọ́ jáde lọ ra kẹ́ńkẹ́ jẹ, Bọ̀ọ̀dá Mùfú bẹ̀rẹ̀ sí í fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn láti ìta, á sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò. A bẹ̀ ẹ́. Mo tún lọ bẹ̀ ẹ́ nílé, níwájú ìyàwó rẹ̀, ó ní ojú mi ti là jù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹ̀rọ tó ń lẹ ẹnu ọ̀rá gbiná, èéfín sì dí ọ̀nà iwájú. Gbogbo wa sáré sẹ́yìn, a ń lu irin ilẹ̀kùn. Abena, ọ̀rẹ́ mi tó lóyún, ń kígbe “Mommue pono no! Mommue pono no!” kí wọ́n ṣílẹ̀kùn, títí ohùn rẹ̀ fi há. Ta ni ì bá ṣí i? Bọ̀ọ̀dá Mùfú wà ní mọ́ṣáláṣí, ó ń kírun Alásàrí, kọ́kọ́rọ́ wa sì ń bá a forí kanlẹ̀ nínú àpò jálàbíà rẹ̀. Wẹ́dà kan tó ń jó irin ní òdìkejì títì ló wá gé àgádágodo náà. Kò sẹ́ni tó kú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Bọ̀ọ̀dá Mùfú bẹ̀ wá pé kó má dé etí máníjà, tó ń gbé ní Accra. Lọ́jọ́ kejì, ó ra àgádágodo mìíràn, tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Òun ló bí mi nínú jù.

Nígbà tí mo rí iṣẹ́ sí ilé oògùn kan ní Asafo, wọ́n ní àwọn á ṣe sẹ́ńdọ́ọ̀fù, ayẹyẹ ìdágbére, fún mi, máníjà náà á sì wá. Mo ti pinnu láti dákẹ́ bíi tiyín. Mo tiẹ̀ mú ìgbálẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo gbá iyàrá wa láti iwájú títí dé ẹ̀yìn. Ìgbà tí mo dé ìdí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó ṣì wà ní títì, kò sí ibi tí mo fẹ́ gbá ìdọ̀tí náà sí. Ó jókòó síbẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi. Bàbá, irú ilẹ̀ gbígbá wo nìyẹn?

Wọ́n fún wa ní Fanta àti mííìtì-páì. Bọ̀ọ̀dá Mùfú yìn mí títí. Máníjà wá bi mí tẹ̀ríntẹ̀rín pé, “Asɛm bi wɔ hɔ anaa?” bóyá mo ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ. Ọpẹ́ ni gbogbo wọn ń retí. Mo wo Abena, ó ń wo ilẹ̀, ó gbọ́wọ́ lé ikùn. Èmi ń lọ, òun ni yóò padà wọnú iyàrá yẹn lọ́la. Mo dìde, mo sì fi èdè Twi sọ gbogbo rẹ̀, kó lè yé tọmọdé tàgbà.

Máníjà ní ká jọ lọ síbẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Mùfú wá kọ́kọ́rọ́ jáde nínú àpò rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, mo mú ìgbálẹ̀, mo gbá ìdọ̀tí mi síta lójú gbogbo wọn, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì fún Abena ní ìgbálẹ̀ náà. Máníjà gbé àgádágodo lọ sínú mọ́tò rẹ̀. Wọ́n ti ní kí Bọ̀ọ̀dá Mùfú lọ jókòó sílé ná. Àánú àwọn ọmọ rẹ̀ ń ṣe mí, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ọmọ tó wà nínú Abena náà, ọmọ èèyàn kọ́ ni?

Ṣé inú ń bí yín? Ẹ máa ń sọ pé àlejò lójú, kò fi ríran. Ìlú yìí ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n bí yín sí, ilẹ̀ rẹ̀ ló sì gbà yín mọ́ra. Àlejò ta ni mo tún jẹ́? Ìgbà wo ni mo máa tó ríran?

Àwọn àgbà ti ránṣẹ́ pé kí n wá síwájú àwọn lẹ́yìn Jímọ̀ tó ń bọ̀, kí n wá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Alfa, bàbá Bọ̀ọ̀dá Mùfú. Màámi ti bá mi lọ aṣọ tí n óò wọ̀. N óò lọ, Bàbá. N óò kúnlẹ̀ kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹ kọ́ mi. Lẹ́yìn náà n óò dìde. Mi ò ní bẹ ẹnikẹ́ni nítorí ilẹ̀kùn tó ṣí.

Àárò yín ń sọ mí.

Èmi ni ọmọ yín, tí ẹ fi ìgbálẹ̀ lé lọ́wọ́.