Ogún Mi àti Owó Tí Báǹkì Yọ

Èmi, Ìyá Aránṣọ, ni mo ń kọ ìwé yìí. Orí mi pé, ọkàn mi sì balẹ̀, àfi tí mo bá rántí báǹkì. Kò sí ẹni tó di ọwọ́ mi mú kọ ọ́. Àkọ́bí mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, àti olùkọ́ wa ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, ẹ̀yin méjèèjì ni mo ní kí ẹ mú un ṣẹ.

1. Ilé tí mò ń gbé àti ṣọ́ọ̀bù iwájú rẹ̀ di ti àkọ́bí mi.

2. Ẹ̀rọ ìránṣọ, sísọ́ọ̀sì ńlá àti tábìlì ìgéṣọ di ti ọmọ-ọmọ mi tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ọkọ mi káfíńtà ló kan tábìlì náà nígbà tó ń fẹ́ mi sọ́nà. Mo ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, ó ní ilẹ̀ ni kò tẹ́jú. Títí ó fi kú, ilẹ̀ ló ń dá lẹ́bi. Kí ẹnikẹ́ni má tún un ṣe.

3. Òbúkọ mi, tí mo sọ ní Mánẹ́jà nítorí pé ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ ló ń jẹ, di ti ọmọ mi awakọ̀.

4. Owó mi tó wà lọ́wọ́ báǹkì. Nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún mi, n kò lè ránṣọ, owó mi sì tán pátápátá. Nítorí pé ó tán, báǹkì ń bu owó ìtanràn lé mi lóṣooṣù, wọ́n sì ń yọ ọ́ nínú èyí tí mo bá tún fi síbẹ̀. Ìyà ńlá gbé mi ṣánlẹ̀, kékeré wá ń gorí mi. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri wọn sọ pé ẹni tí nǹkan le fún lè gba irú owó bẹ́ẹ̀ padà. Mo kọ̀wé, mo sì kọ orúkọ mi sísàlẹ̀. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì ní, Màmá, ẹ má bínú, àtàǹpàkò lẹ fi ṣí àkáǹtì yìí, òun la mọ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí owó yín jáde. Mo ní ẹni tó tẹ̀ ẹ́ nígbà yẹn kò mọ̀wé, èmi mọ̀wé. Kí wọ́n yí i sí orúkọ mi. Wọ́n ní owó ni wọ́n fi ń yí i, àkáǹtì mi kò sì ní owó.

N kò tẹ̀ ẹ́, mo fi owó náà sílẹ̀ fún wọn. Àbúrò mi oníbúrẹ́dì ní mo bínú orí, mo fi fìlà dé ìbàdí. Láti ìgbà náà, ìkíni nìkan ló kù láàárín wa. Òótọ́ ni pé owó yẹn ni ì bá ra oògùn ojú mi. Kí n tó lè rí lẹ́tà tí mò ń kọ yìí, ó ti ní láti tóbi bí ohun tí a kọ sára ògiri.

Gbèsè tí báǹkì jẹ mí yìí di ti ọmọ-ọmọ mi. Kó máa béèrè rẹ̀ títí wọn yóò fi san án. Bí mo bá sì kú kí owó náà tó jáde, kí ẹnikẹ́ni má gbé àtàǹpàkò mi tẹ ìwé kankan nígbà tí n kò lè bá a jà mọ́.

5. Àbúrò mi kò ní gba nǹkan kan, nítorí olùkọ́ ní ẹlẹ́rìí kì í jogún, ẹlẹ́rìí ni mo sì fi í ṣe. Yóò rò pé ìbínú ni. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ni.

Mo fọwọ́ sí i lónìí, ọjọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án:
Ìyá Aránṣọ

Ẹlẹ́rìí kìíní: Bàbá tó ń ṣe bàtà lódìkejì wa.
Ẹlẹ́rìí kejì: Àbúrò mi oníbúrẹ́dì. Àtàǹpàkò rẹ̀ nìyí. Mo ti sọ fún un pé kíláàsì wa ṣì ń gba ènìyàn.