Pọ́sítíìfù Ti Wọ Ilé Wa O

Ọmọ mi Abẹ́rẹ́,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ọkọ rẹ ń gbádùn, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé àwọn ọmọ ń gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu? Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ìlú ńlá tí o wà yẹn ò ní rí ọ gbé mì, bó ti wù kó yanu tó. Ibi tí o bá gbà ni ire yóò máa gbà tẹ̀ lé ọ, bí òwú ṣe ń tẹ̀ lé abẹ́rẹ́. Ṣe àmín kí o tó máa kà lọ. Tó bá sì jẹ́ pé níwájú èèyàn lo wà, jọ̀ọ́ dìde, wọ yàrá lọ, kí o ti ilẹ̀kùn mọ́rí, torí ọ̀rọ̀ inú ìwé yìí kì í ṣe ohun tí etí kejì gbọ́dọ̀ gbọ́.

O máa ní kí ló dé tí mi ò pè ọ́ lórí fóònù tí o rà fún mi. Fóònù ń bẹ, inú dúrọ́ọ̀ máṣínì ìránṣọ mi ló wà, mo fi aṣọ wé e kí òtútù má bàa mú un. Obìnrin inú rẹ̀ ni ìṣòro mi, èyí tó máa ń sọ fún mi pé owó mi ò tó láti pe ẹni tí mo fẹ́ pè. Gbogbo ohun tí a bá ń sọ ló ń gbọ́. Mo ti bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan pé kó jọ̀ọ́ kó fún èmi àti ọmọ mi láyè díẹ̀, kò dá mi lóhùn. Ẹni tó mọ ohun tó kù lápò mi, ṣé ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ mi ló máa wá ṣòro fún un láti mọ̀? Ìdí nìyẹn tí mo fi mú bíírò.

Ọmọ mi, ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò mọ ọ̀nà mìíràn tí mo lè gbà sọ ọ́.

O ti gbọ́ pé mo ṣubú, ṣùgbọ́n bàbá rẹ ò sọ ọ́ bó ṣe rí, torí wọ́n ń tijú apá tiwọn nínú rẹ̀. Bọ́bìnì tí mo ń ká òwú sí ló bọ́ lọ́wọ́ mi tó yí wọ abẹ́ tábìlì ìgéṣọ, mo bẹ̀rẹ̀ kí n mú un, orúnkún mi ọ̀tún ní òun ò lọ, bí mo ṣe forí sọ ẹsẹ̀ máṣínì nìyẹn tí mo fìdí jókòó sáàárín àjákù aṣọ. Bàbá rẹ fi rándà tí wọ́n fi ń fá pákó sílẹ̀, wọ́n sáré wá gbé mi, àfi bí ìbàdí tiwọn náà ṣe dún kàù! Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ lórí mi, wọn ò lè nàró, wọn ò lè tẹ̀. Aládùúgbò wa tó ń tún rédíò ṣe ló gbọ́ igbe, ó fà mí dìde, ó wá ń na bàbá rẹ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń na eríàlì. Wọ́n ní ikú ń pa alágẹmọ tó ń yọ́ rìn, áńbọ̀sì ọ̀pọ̀lọ́ tó ń jan ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwa méjèèjì ti di ọ̀pọ̀lọ́ báyìí.

Ilẹ̀ mọ́, mo gba ilé ìwòsàn lọ. Mo kun pọ́dà, mo wọ yẹtí rẹ tí o fi sílẹ̀, torí wọ́n ní wọn yóò ya mí ní fọ́tò. Ọmọ mi, orúnkún ni wọ́n yà! Wọn ò tiẹ̀ wo ọ̀kánkán ojú mi. Nígbà tí fọ́tò jáde, egungun funfun nínú òkùnkùn ni, wọ́n ní èmi nìyẹn. Mo ní kí wọ́n tún un yẹ̀ wò dáadáa, bóyá wọ́n gbé ti ẹlòmíràn fún mi, torí ẹni tí mo rí nínú fọ́tò yẹn ti kú. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín o. Lẹ́yìn náà wọ́n gún mi ní ìka, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n gbé e lọ.

Wọ́n wá mú mi lọ bá nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ pé oríkèé àti iṣan ni iṣẹ́ tirẹ̀. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, ọwọ́ rẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó kọ́ mi bí n ó ṣe máa dìde lórí àga láìfọwọ́ ti nǹkan, bí n ó ṣe máa gbé gìgísẹ̀ sókè, bí n ó ṣe máa rìn lọ rìn bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní ìjókòó pípẹ́ ló ń mú kí oríkèé gan. Èyí yé mi yékéyéké, ṣebí máṣínì tí a ò bá wà máa dípẹtà ni. Ohun tó sọ kẹ́yìn ló ba tèmi jẹ́. Ó di ọwọ́ mi mú, ó wò mí lójú, ó ní èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ, màámi, ni kí n ṣáà máa wà ní áktíìfù, kí n sì máa wà ní pọ́sítíìfù.

Pọ́sítíìfù, Abẹ́rẹ́! Ìwọ lè má rántí, o kéré nígbà tí àwọn elétò ìlera wá bá àwa télọ̀ níbi ìpàdé wa, tí wọ́n gbé àwòrán dání, tí wọ́n ń kọ́ wa nípa àrùn burúkú tí a kì í fẹ́ dárúkọ yẹn. Wọ́n ní tí wọ́n bá yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò tí wọ́n ní négátíìfù, kí o máa jó relé. Tí wọ́n bá ní pọ́sítíìfù, ó ti wà lára nìyẹn. Èmi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀ mi wá nìyí, nọ́ọ̀sì yìí sì ní kí n máa "wà" níbẹ̀, tó túmọ̀ sí pé kò sí àjáde. Áktíìfù ni mi ò gbọ́ rí, ó jọ pé ẹ̀gbọ́n pọ́sítíìfù ni. Mo fẹ́ bi í léèrè, àmọ́ ọpẹ́ ló jáde lẹ́nu mi. Mo ní ó ṣeun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó túfọ̀ mi fún mi.

Mo délé, mi ò lè sọ fún bàbá rẹ. Mo ya ife mi sọ́tọ̀, mo ya tawẹ́ẹ̀lì mi sọ́tọ̀, mo kó abẹ́rẹ́ tí mo fi ń ránṣọ sínú agolo, mo dé e pa. Mo sún ìrọ̀rí mi sí etí bẹ́ẹ̀dì débi pé díẹ̀ ló kù kí n tún ṣubú. Mo ń ro ibi tí mo ti rí i, àfi bóyá abẹ́rẹ́ tó ń gún mi láti ọjọ́ pípẹ́ yìí. Bàbá rẹ bi mí pé kí ni ife tuntun wà fún, mo ní dókítà ló ní bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wú ikọ́, mo ń kà á.

Ìgbà tó yá, bàbá rẹ náà gbé ìbàdí lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì yìí. Ṣé o mọ̀ pé súfèé ni wọ́n ń sú bọ̀? Wọ́n jókòó, wọ́n ní ọmọ yẹn yìn wọ́n gan-an, ó ní nínú gbogbo àgbàlagbà tó ń wá síbẹ̀, àwọn ló pọ́sítíìfù jù, ó sì hàn lójú wọn pé ọjọ́ wọn ti pẹ́ nínú ẹ̀. Wọn ò lọ sí ìpàdé télọ̀, wọ́n rò pé oyè ni!

Ọmọ mi, ojú mi ṣú. Mo ní ẹ̀yin lẹ kó o wálé nìyẹn! Mo ṣàlàyé ohun tí pọ́sítíìfù jẹ́ fún wọn, ojú wọn rọ̀ wọ̀ọ̀, wọ́n jókòó bí aṣọ tí a ká sórí àga. Wọ́n búra pé àwọn ò mọ nǹkan kan. Ìgbà tó ṣe, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè ọ̀gbẹ́ni tó máa ń tà mí ní òwú, pé kí ni ọkùnrin náà máa ń fi pa mí lẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni tí kò léyín! Ọ̀rọ̀ di ariwo, ariwo di kẹ́kẹ́ pa. A kọjú síra wa lórí àga wa méjèèjì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá ṣòro nìyí: kò sí ẹni tó lè dá dìde nínú wa. Bí a ṣe máa ń ṣe é ni pé èmi á di ọrùn ọwọ́ wọn mú, wọ́n á di tèmi mú, a ó jọ fà. Èmi ò sì fẹ́ bẹ̀ wọ́n, àwọn náà ò fẹ́ bẹ̀ mí. Oòrùn kúrò lójú fèrèsé, ó kúrò lórí máṣínì, a ṣì jókòó. Mo rò ó pé bóyá bí a ó ṣe máa wo ara wa títí tí olúkúlùkù á fi lọ nìyí, omi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lójú mi. Nígbà náà ni bàbá rẹ na ọwọ́. Mo dì í mú, a fà, orúnkún ké níhìn-ín, ìbàdí ké lọ́hùn-ún, a dìde. Wọn ò fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Wọ́n ní tó bá jẹ́ àwọn ni, àwọn ò mọ ìgbà tó wọlé, tó bá jẹ́ èmi ni, àwọn ò bi mí mọ́, àwa méjì náà la ni ín. Wọ́n wá gbé ife mi tí mo yà sọ́tọ̀, wọ́n bu omi, wọ́n mu ún tán lójú mi.

Láràárọ̀ ni à ń rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ báyìí. Ẹ̀rù ló ń lé wa, mo rò pé bí a bá dúró ni nǹkan náà yóò bá wa. Ó yà mí lẹ́nu pé orúnkún ti ń fúyẹ́, mo ti ń fẹsẹ̀ wa máṣínì, bàbá rẹ ti padà sídìí pákó. Èyí gan-an tún dẹ́rù bà mí, torí fìtílà tó fẹ́ kú náà máa ń tàn yòò. Ìgbà tí a padà lọ, nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́, ó ní pọ́sítíìfù wa ti ń ran àwọn tó kù. Ó ń ran wọ́n, Abẹ́rẹ́! Ìparí bẹ́ńṣì lọ́hùn-ún la máa ń jókòó sí báyìí, kí a má bàa pa ọmọ ọlọ́mọ.

Nítorí náà, bá wa ra nǹkan méjì ránṣẹ́. Bàtà onírọ́bà tí kì í yọ̀ ni mo fẹ́, kí o sì ra ọ̀pá ìtìlẹ̀ fún bàbá rẹ. Bí owó bá ṣẹ́kù tí o fẹ́ fi ránṣẹ́, má fi gba báńkì. Ẹ̀rọ ara ògiri wọn ní kí n sọ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ mi, mo ní ta ni í jẹ́ tí mo máa sọ ìkọ̀kọ̀ mi fún un, ó sì gbé káàdì mi mì. Lékè gbogbo rẹ̀, bá wa béèrè iye tí wọ́n ń ta négátíìfù níbẹ̀. Mo mọ̀ pé kò ní wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ìlú ńlá kì í ṣe aláìní nǹkan.

Ọlọ́run yóò dá ẹ̀mí rẹ sí fún wa. Ẹsẹ̀ rẹ ò ní kọ̀ ọ́ níbi tó ti yẹ kó gbé ọ. Ìwọ àti ọkọ rẹ á dàgbà, ẹ ó dogbó, ẹni tí yóò na ọwọ́ sí ọ kò ní wọ́n ọ.

Bàbá rẹ dúró sẹ́yìn mi, wọ́n ní kí n kọ ọ́ pé bí owó ò bá ká méjì, tèmi ni kí o rà. Mo ti kọ ọ́, wọ́n ti rí i, wọ́n ti lọ wá dígí wọn kí wọ́n lè kà á dáadáa. Kí wọ́n tó dé, ọmọ mi, fetí sílẹ̀: bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ni owó rẹ ká, tiwọn ni kí o rà. Èmi á ṣì máa rìn.

Ìyá rẹ ni.