Bàbá Tí A Kò Lè Tì Mọ́lé: Ìgbésí Ayé Olóògbé Herbert Olúbọ̀dé Ọláògún (1892–1949)

Agbo ilé Ọláògún ní Ìtòko, Abẹ́òkúta, ni a bí bàbá wa sí ní ọdún 1892. Ọláògún, àgbẹ̀ tí gbogbo ọ̀nà Kọ́bapẹ́ mọ̀, ni bàbá wọn. Mọ́níkẹ́, aláró, ni ìyá wọn. Ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo ni wọ́n ní, Ìyá wa Asiata, tí wọ́n gba orúkọ náà nígbà tí wọ́n wọ ilé ọkọ Ìmàle, tí wọ́n sì jẹ́ àgbà agbo ilé wa títí di òní. Ìyá wa Asiata a máa wí pé iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n rán àwọn láyé ni pé kí àwọn lọ mú Olúbọ̀dé wálé. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ọmọ náà ti di ará igbó. Bí kò bá sí lórí àpáta, yóò wà létí odò Ògùn. Bí kò bá sí níbẹ̀, kí a lọ wo abẹ́ igi àgbálùmọ̀ tí ó wà ní oko bàbá wọn. Etí ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń fà á bọ̀ wálé.

Ní ọdún 1901 ni wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ ìjọ Áńgílíkà, níbi tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi tí a sì sọ wọ́n ní Herbert. Wọ́n mọ ìwé, a kò purọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni wọ́n máa ń jókòó sí, ojú wọn kì í sì í kúrò níta. Wọ́n ka ìwé mẹ́fà já ní ọdún 1910. Ọdún náà gan-an ni bàbá wọn kú, a sì sin ín sínú yàrá ọwọ́ ọ̀tún nínú agbo ilé, níbi tí a sin bàbá rẹ̀ náà sí. Àṣà ilé wa ni pé àgbà kì í sùn níta. Ilé ni àbọ̀sinmi oko, ọ̀rọ̀ yìí kì í kúrò lẹ́nu Ìyá wa Asiata. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi yàrá náà sọ́kàn, nítorí a óò padà dé ibẹ̀.

Ní ọdún 1913 wọ́n rí iṣẹ́ sí ọsibítù, wọ́n ń fọ ìgò. Nígbà tí ó yá, a gbé wọn lọ sí yàrá àyẹ̀wò, wọ́n sì ń fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ àwọn aláìsàn, kí a lè mọ̀ bóyá ibà ni tàbí aràn. Ó ya àwa náà lẹ́nu pé ẹni tí kò fẹ́ràn òrùlé lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ nínú yàrá tóóró. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń lọ síbi iṣẹ́, ọ̀nà tí ó jìn jù ni wọ́n sì máa ń gbà.

Ní ọdún 1921 wọ́n gbé màmá wa, Lydia, níyàwó, ọmọ ìdílé Mẹ́tọ́díìsì kan ní Itori. Màmá rò pé òṣìṣẹ́ ọsibítù ni àwọn fẹ́, wọn kò mọ̀ pé ará oko ni. Láyé ìgbà náà, inú páálí ìṣáná ni àwọn ènìyàn máa ń gbé ìgbẹ́ wá fún àyẹ̀wò. Inú páálí ìṣáná náà ni bàbá wa máa ń kó kòkòrò tí wọ́n bá rí lójú ọ̀nà sí. Ẹ̀yin náà ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yóò já sí. Ní ọjọ́ kan, dókítà ṣí páálí ní ọsibítù, tata fò mọ́ ọn lójú. Ní ọjọ́ kan náà, màmá wa ṣí èkejì nílé, wọ́n fẹ́ dáná. Láti ìgbà náà, màmá wa kì í ṣí ìṣáná láì kọ́kọ́ mì ín létí.

Ní ti ìgbàgbọ́, ọgbà ìjọ ni wọ́n ń tọ́jú. Bí ìwàásù bá ti gùn jù, ẹ wá wọn lọ sábẹ́ igi orógbó tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn gbìn. Ní ọdún 1938, wọ́n kó àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò jọ láti tún ojú odò tí a ń pọn ṣe, nítorí ohun tí wọ́n fi awò rí nínú omi náà kò jẹ́ kí ọkàn wọn balẹ̀. Àwọn ìyá àdúgbò ṣì ń dúpẹ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wa.

Wọ́n fẹ̀yìn tì ní ọdún 1948. Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí èémí sì ń nira. Dókítà ní wọn kò gbọdọ̀ kọjá ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní oṣù kejì ọdún yìí, a jí, a bá ẹní wọn lófìfo. Àyà gbogbo wa já. Kí aláìsàn kú sígbó láìsí ẹni tí yóò pa á lójú dé, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. A wá etí odò, a wá ẹ̀yìn àpáta. Ìyá wa Asiata ni kò wá kiri. Wọ́n fi ìkòkò aró sílẹ̀, wọ́n wọ lọ́rì Ṣàgámù, wọ́n sọ̀ ní Kọ́bapẹ́, ó di abẹ́ igi àgbálùmọ̀. Nígbà tí Olújìmí, àkọ́bí bàbá wa, fi kẹ̀kẹ́ débẹ̀, ó bá ẹ̀gbọ́n òun àbúrò, tí lọ́rì ìdájí ti gbé débẹ̀, lórí gbòǹgbò igi, èèpo àgbálùmọ̀ kún iwájú wọn, ọwọ́ Ìyá wa Asiata ṣì dúdú fún aró. Olújìmí ní òun kò mọ ìgbà tí ẹkún ayọ̀ bọ́ lójú òun. Kò gbọ́ ohun tí wọ́n ti bá ara wọn sọ kí ó tó dé.

“Dìde, Olúbọ̀dé,” ni Ìyá wa Asiata wí. “À ń relé.”

Wọ́n dìde bí ọmọdé, wọ́n tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n wọn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ní oṣù kẹta ni wọ́n dákẹ́, lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, orí wọn lórí itan màmá wa, ojú wọn sí ìta. A sunkún, ṣùgbọ́n a kò ní tàn yín: ara tù wá. Ìyà èémí ti tán, ẹni tí a sì ń bẹ̀rù pé yóò kú ní òun nìkan, àárín wa ni ó kú sí.

Àwọn tí wọ́n fi sáyé lọ ni ìyàwó wọn, Lydia. Ẹ̀gbọ́n wọn, Asiata. Àwọn ọmọ wọn, Olújìmí tí ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, Wùnmí tí í ṣe olùkọ́, Ọlálẹ́yẹ tí ó jogún oko, àti Beatrice tí ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ, tí èyí tí ó kéré jù nínú wọn ti mọ igi gùn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ yàrá ọwọ́ ọ̀tún. Ó ti pẹ́ tí bàbá wa ti sọ fún màmá wa pé kí a má ṣe tì wọ́n mọ́ inú rẹ̀, pé oko ni wọ́n fẹ́ sùn sí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé ọ̀rọ̀ yìí dé iwájú Ìyá wa Asiata? Nígbà tí ẹbí pé jọ, àwọn ọkùnrin ilé ti gbé ṣọ́bìrì dé ẹnu yàrá. Màmá wa kúnlẹ̀ láti sọ ọ́. Ìyá wa Asiata ni wọ́n kọ́kọ́ la ẹnu.

“Ẹ gbé ṣọ́bìrì yín jáde. Ó bẹ̀ mí lábẹ́ igi lọ́jọ́sí, mo sì ti gbà fún un. Láti kékeré ni mo ti ń lọ mú un wálé. Eléyìí tó lọ yìí, mi ò ní lọ mú un wálé mọ́.”

Gbogbo wa mí kanlẹ̀. Màmá wa wólẹ̀, wọ́n di Ìyá wa Asiata lẹ́sẹ̀ mú.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn wa tí ẹ bá wa kẹ́dùn, bí ẹ bá rí i tí pósí yà sí ọ̀nà Kọ́bapẹ́ lẹ́yìn ìsìn, ẹ má rò pé a ṣìnà. Abẹ́ igi àgbálùmọ̀ ni à ń lọ.

Ẹ sùn re o, Bàbá. Kò sẹ́ni tí yóò tilẹ̀kùn mọ́ yín mọ́.