Ìhágún Oman Sastradipura Lórí Kọ̀ǹpútà Tí Entin Yóò Máa Lò

Èmi, Oman Sastradipura, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, tó ń gbé ní Cihaurgeulis nílùú Bandung, tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ka ìmìtìtì àwọn òkè oníná fún ìjọba kó tó fẹ̀yìn tì, ni mo kọ ìwé yìí. Rọpárọsẹ̀ mú ọwọ́ òsì mi nínú oṣù kẹta. Kò mú orí mi. Dókítà ní kí n máa yọ méje-méje kúrò nínú ọgọ́rùn-ún. Mo yọ ọ́ títí ó fi ku méjì, mo sì sọ fún un pé aago ara ògiri rẹ̀ fi ìṣẹ́jú mẹ́rin rẹ̀yìn.

Ilé àti ilẹ̀ yóò pín bí ẹ̀sìn wa ti là á sílẹ̀. Ohun tó kù, tí ọmọ mi ti fọwọ́ sí, nìyí.

1. Kọ̀ǹpútà tó wà lórí tábìlì ní yàrá iwájú di ti ìyàwó mi, Entin Rukmini. Ìdí tí mo fi ń kọ ìwé yìí gan-an ni pé mo fẹ́ kó lè máa lò ó lẹ́yìn mi láìbẹ ẹnikẹ́ni. Inú rẹ̀ ni ìwé ilẹ̀ wà, àti ìwé owó ìfẹ̀yìntì, àti fọ́tò ogójì ọdún.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí púpọ̀ nínú yín kò mọ̀, ẹ kò sì béèrè. Línúksì, ètò kan tó ń darí kọ̀ǹpútà, ni mo ń lò. Lórí kọ̀ǹpútà tí ẹ ń rà lọ́jà, ẹni tó ṣe é ti pinnu ibi tí gbogbo nǹkan yóò wà. Línúksì fi ìpinnu yẹn sọ́wọ́ ẹni tó ni ẹ̀rọ. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ń pinnu. Mo yọ àwọn àmì kúrò lójú rẹ̀, mo yọ aago, mo yọ àwòrán, títí ojú rẹ̀ fi dúdú kanlẹ̀. Bọ́tìnì mẹ́ta tí èèyàn bá tẹ̀ pọ̀ ló ń ṣí ohun gbogbo.

2. Kọ̀ǹpútà alágbèéká mi di ti ọmọ mi Wildan, tó ń ta fóònù. Mo ti pa àwọn fáìlì ètò mi rẹ́ lórí rẹ̀. Ó dà wọ́n kọ nígbà kan láìka ìlà kan, ó yí àwọ̀ rẹ̀ sí ti ọsàn, ó sì gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé iṣẹ́ òun ni. Orúkọ mi ṣì wà ní ìlà kẹrin.

3. Àkójọ àwọ̀ mẹ́fà tí mo pò fúnra mi fún ojú kọ̀ǹpútà di ti ẹgbẹ́ àwa tó ń lo Línúksì, tó ń pàdé ní ìsọ̀ bakso, ọbẹ̀ ẹran rógódó, ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ lóṣù. Kí wọ́n máa jà lórí rẹ̀. Wọ́n ń fi ẹ̀bùn dá ẹni tí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá lẹ́wà jù lọ́lá, ẹni tó sì gbapò kìíní lọ́dún tó kọjá kò tíì fi tirẹ̀ kọ lẹ́tà kan rí. Àwòrán òkè ló fi sí i. Mo mọ òkè náà. Ó gbé e sódì.

4. Àdàbà mi di ti Uding Sobandi, aládùúgbò wa, torí ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí èèyàn. Ó tún ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ bí ẹyẹ, ṣùgbọ́n ìyẹn kò kan ìwé yìí.

5. Engkus Darmawan, ọ̀rẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ yẹn, ni mo yàn láti mú ìwé yìí ṣẹ, òun náà ni yóò sì máa tọ́jú kọ̀ǹpútà Entin. Gbogbo ọ̀rọ̀ aṣínà tó ń ṣí kọ̀ǹpútà mi di tirẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo fẹ́ràn ọ̀nà tí Engkus ń gbà ṣiṣẹ́. Àwọn fèrèsé tó bá ṣí sójú kọ̀ǹpútà rẹ̀ máa ń gun ara wọn bí abọ́ tí a kò tíì fọ̀. Tèmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kò sí èyí tó bo èkejì. A ti ń bá ara wa jà lórí èyí kí Wildan tó mọ bí a ṣe ń fá irùngbọ̀n.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo ṣubú, ilé ìwòsàn béèrè ìwé ìtọ́jú mi. Entin jókòó síwájú ojú dúdú yẹn. Wildan dé, ó tẹ gbogbo nǹkan tó lè tẹ̀, ó ní, “Màmá, kọ̀ǹpútà yìí ti kú.” Kò kú. Entin bá pe Engkus. Ó wọ sálúbàtà dé, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di àga mú. “Ọkùnrin yìí mà le o! Ó kọ́lé tán, ó wá yọ ilẹ̀kùn!” Ọdún mọ́kàndínlógún tó ti ń fi bọ́tìnì mẹ́ta mi ṣẹ̀sín, ó ti há wọn sórí. Ó tẹ̀ wọ́n. Ìwé jáde. Ó wá fi àmì kan síbẹ̀, ràbàtà, òféèfé bí pupa inú ẹyin.

Mo délé, mo fi ọwọ́ kan ṣoṣo pa á rẹ́.

“Bàbá Wildan, ẹ ti yọ ọ́?”

“Ó ń ba ojú ẹ̀rọ jẹ́.”

“Ó dáa. Tí ẹ bá kú, ṣé ibojì yín ni n ó máa bi léèrè bọ́tìnì mẹ́ta yẹn?”

Fún ọjọ́ méjì, Entin ń gbé ìrẹsì kalẹ̀ fún mi, ó ń lọ jẹ tirẹ̀ ní yàrá kejì. Mo pe Engkus pé kó dá a padà.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n fi òdòdó sí i létí?”

“Má bà mí lọ́kàn jẹ́.”

Nítorí náà: Engkus kò gbọdọ̀ yí ohunkóhun padà lórí ẹ̀rọ yẹn torí pé nǹkan tuntun jáde. Àfi tí Entin bá ní kó ṣe é. Wildan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án rárá.

Ìyókù yìí, ọwọ́ ọ̀tún mi ni mo fi kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé. Lónìí, kí n tó fọwọ́ sí i, mo ní kí gbogbo wa káwọ́ sórí itan, kí Entin tẹ ìhágún yìí jáde fúnra rẹ̀. Ó gbà á ní ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Ó ṣìnà lẹ́ẹ̀mejì. Engkus la ẹnu láti sọ̀rọ̀, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí ìwé jáde, mo rí i pé ó ti yí lẹ́tà rẹ̀ padà sí èyí tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ìwé ìpè ìgbéyàwó. Lẹ́tà náà burú. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yí i. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tún un tẹ̀.

Oman Sastradipura
Bandung, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ, ọdún 2023

Àwọn ẹlẹ́rìí:
Haji Saepul Wirahma, olórí àdúgbò
Lilis Kurniasih, nọ́ọ̀sì